Ẹ má béèrè ìpilẹ̀ ẹbí níbi ìpàdé ẹbí

Ẹ ní ẹ̀ka ẹbí yín tó wà ní Ìbàdàn àti èyí tó wà nílé ní Iléṣà fẹ́ pàdé lóṣù Kejìlá, pé ẹ fẹ́ fi ọjọ́ náà yanjú ibi tí bàbá-ńlá yín ti wá gan-an. Ẹ ṣe ìpàdé o. Ẹ pa màlúù, ẹ dá aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tú ìdí ẹbí tiwa ní Òkèṣà, ohun tí ojú mi sì rí ni pé ẹni tó bá béèrè "níbo la ti wá?", "ta ló ni ilẹ̀?" làwọn àgbà ń gbọ́. Tí oyè bá tún wà nínú ẹbí, ẹ ti dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Olórí ẹbí á gbọn agbádá, á ní Ilé-Ifẹ̀ la ti bá Ọwá, ọba Iléṣà, wá. Gbogbo ilé ní Iléṣà ló bá Ọwá wá. Mi ò tíì rí ilé tó dé lẹ́yìn.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ìbàdàn kó Iléṣà ní 1870. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Láàárín ìgbà yẹn, wọ́n kó ọmọ Ìjẹ̀ṣà lẹ́rú, Ìjẹ̀ṣà náà kó ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n kó wọ agbo ilé fẹ́yàwó níbẹ̀, ó bímọ, ó di ọmọ ilé. Ta ni yóò wá dìde lójú àna àti àlejò kó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló bí òun?

Tiwa rèé. Fọ́tò bàbá tó bí bàbá bàbá mi ṣì wà nílé. Kòkòrò ti jẹ igun férémù, ṣùgbọ́n ojú bàbá mọ́ kedere: àbàjà ni, ilà gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Pélé, ilà kékeré tó dúró, ni gbogbo àwọn tí wọ́n pè ní àbúrò rẹ̀ kọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọmọ Iléṣà ni, pé ogun ló kó o lọ sí Ìbàdàn ní kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ nílà, ó sì padà sílé nígbà tí ogun rọ̀. Ẹlòmíràn nínú ẹbí ní irọ́ ni, ará Ọ̀yọ́ ni bàbá. Àwa ń bá èyí yí, la bá tún kíyè sí i pé oríkì tí Yèyé àgbà fi ń kí bàbá mi láàárọ̀ ni "Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà." Ọ̀fà kẹ̀! Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Kò yanjú. Àwọn obìnrin ilé ló ń ki ọmọ, wọ́n sì lè fi oríkì ilé ìyá kì í. Ó lè jẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo tó ti Ọ̀fà wá ló gbé oríkì náà wọlé.

Nítorí náà, àwọn ìyàwó ilé àti ọmọ-osú, ìyẹn àwọn ọmọbìnrin ilé, ni kí ẹ tọ̀ lọ, kí ìpàdé tó dé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá màmá ṣa ẹ̀wà. Ẹ má béèrè orírun. Ẹ béèrè ta ni wọ́n sin sí yàrá wo, kí ni a kì í jẹ, ta la bá pààlà lóko kòkó, àwọn wo ló máa ń dé tí òkú bá kú láì jẹ́ pé a ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìdáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ṣí ẹ̀ka kan tí a kò mọ̀ payá fún wa. Ẹ béèrè bóyá bàbá ṣe òṣómàáló pẹ̀lú: ẹni tó ń ta aṣọ àwìn káàkiri lè ní aya àti ọmọ níbi tó ń tà á sí.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára ibojì gbọ́. Gbogbo bàbá wa ló kú ní ẹni 120 ọdún. Ẹ béèrè bóyá ó ti bímọ kí Ògèdèǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, tó kú ní 1910. Ẹ wá Babátúndé tó dàgbà jù nínú ẹbí, kí ẹ yẹ ìwé ìrìbọmi rẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀ṣì: bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí i. Ẹ má wá orúkọ ìdílé kan ṣoṣo o. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, oníkálukú fi orúkọ tó wù ú wọ iléèwé.

Àyẹ̀wò DNA, èyí tó ń fi itọ́ wo àwọn tó bá ara tan, tí ẹ ní ọmọ yín ṣe ní Kánádà wúlò, àmọ́ ó níbi tó mọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò máa ń jọ ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 8 DNA wọn tí àwọn òbí wọn bá jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Bí àwọn òbí bá jẹ́ ọbàkan, ó di ìdá 1 nínú 16. Ìdá 1 nínú 16 náà ló sì wà láàárín ẹ̀yin àti ọmọ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín bá bí. Ní ilé olóbìnrin púpọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́. Tí ẹ bá lọ sókè títí dé àwọn tí bàbá bàbá bàbá bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan, nǹkan bí ẹnì kan nínú 10 ni àyẹ̀wò kò ní rí rárá, ẹbí sì ni wọ́n.

Àyẹ̀wò gbé ẹnì kan jáde fún wa ní Ìbàdàn. Àwọn ará ilé ẹni náà ní Ìjẹ̀ṣà ni ìyá wọn àgbà, ogun ló gbé e dé. Ó bá ìtàn ẹ̀gbọ́n bàbá mi mu, pé ogun kó ọmọ Iléṣà lọ sí Ìbàdàn, àbí? Ṣùgbọ́n bàbá alábàjà náà lè ti bímọ síbẹ̀ kó tó wá sí Iléṣà. Àyẹ̀wò tó ń tọ ìlà bàbá nìkan ì bá là á, àmọ́ ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ bí ọkùnrin látòkè délẹ̀, obìnrin kan sì wà láàárín tiwọn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà títí di òní. Ìtàn méjèèjì ló wà nínú ìwé ẹbí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé gan-an, ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn gbogbo fọ́tò tí wọ́n bá gbé wá, kí ẹ sì gba itọ́ àgbà jù lọ tó bá gbà fún àyẹ̀wò DNA, bàbá tàbí ìyá, kí wọ́n tó gbé ọtí síta.