Highlander tàbí Lexus RX 350? Ẹ kọ́kọ́ gbé káàpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè ná

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Mo rí ìbéèrè yín: Highlander 2010 kan àti Lexus RX 350 2010 kan, tòkunbọ̀ ni méjèèjì, owó wọn ò jìnnà síra. Ẹ fẹ́ mọ èyí tí epo rẹ̀ kò ní pa yín lára, àti èyí tí ẹ máa rí tà tó bá yá. Ẹ ní Ìbàdàn sí Èkó ni lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti màmá yín. Mo ti ra irú RX yẹn rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé mi ká, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ka ọ̀rọ̀ yín kí n kọjá lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ́ńjìnnì tàn yín. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú RX yẹn àti Highlander oní-sílíńdà mẹ́fà, oní-lítà 3.5 tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 2GR. Agbára ẹṣin 270 ni wọ́n kọ sí ti Highlander, 275 sí ti Lexus. Ẹsẹ̀ yín ò lè mọ ìyàtọ̀ ẹṣin márùn-ún. Ohun tí ẹ ń sanwó lé lórí lára Lexus ni awọ àga, ìdákẹ́rọ́rọ́ inú ọkọ̀, iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, àti àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí wọ́n kó sábẹ́ àga, sínú ilẹ̀kùn, sábẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì. Àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ló jẹ mí níyà.

Ọdún 2019 ni mo ra tèmi. Inú rẹ̀ ń dán, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé kò sí iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Lọ́fínńdà tí wọ́n fọ́n sínú rẹ̀ tó yẹ kó ta mí lólobó, mo kà á sí ìmọ́tótó. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, á kú. Ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ rárá. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, a ti kọjá Ògèrè, ọkọ̀ kú pátápátá lójú eré, iná òun náà kú, gíláàsì ò wálẹ̀. Trélà ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú òkùnkùn, àbíkẹ́yìn mi sì ń láàgùn lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá dé apá ibẹ̀ lálẹ́, àyà mi á máa já.

Ẹ wá wo àwọn tó ní àwọn mọ iṣẹ́. Ríwáyà àkọ́kọ́, ìyẹn oníná ọkọ̀, fi ẹ̀rọ síkáànù sí i, ó ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni. Mo lọ ra Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù láti òkèèrè, ní ọjà Ládìpọ̀, kò yí nǹkan kan padà. Èkejì ní ọ̀tánétọ̀ tó ń ṣáàjì bátìrì ni, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kọ́kọ́rọ́ ni. Oṣù méje ni wọ́n fi ń kà ohun tó wà lójú ẹ̀rọ fún mi bí ẹni ń ríran, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá mi rí i ni ọkùnrin tó ń rán ìjókòó. Mo gbé e lọ kó lè tún ojú awọ kan tó ya rán, ló bá tú àga, ló bá pè mí. Ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lábẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì. Bóòtù àga ti dógùn-ún. Ẹnu wáyà ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé.

Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Texas ló wá bá mi fi nọ́ńbà ṣásì wá ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Omíyalé ìjì Harvey, Houston, oṣù kẹjọ ọdún 2017: ilé iṣẹ́ adójútòfò ti kọ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ pé kò ṣeé lò mọ́. Owó àyẹ̀wò yẹn ò tó owó epo tí mo máa ń rà lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan. Ó sì dùn mí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn aláṣọ ìjọba ti dá mi dúró lọ́nà, tí wọ́n yẹ pátíkúlà mi wò títí kan ìwé owó ibodè. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá ọkọ̀ náà ti mu omi rí. Owó ìjọba nìkan ni wọ́n ń wá, ẹ̀mí èèyàn kọ́.

Ọkọ̀ tó bá ti mu omi, ì báà ṣe Highlander, á dààmú olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ojú ibi tí omi ti máa jẹ ẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pa éésì, kí ẹ ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi imú gbọ́ inú rẹ̀ bóyá ó ń rùn. Bí ìwé rẹ̀ bá mọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn sinmi, wọ́n máa ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún títí ìwé rẹ̀ á fi mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi RX 330 ọdún 2004 sí 2006 lọ̀ yín pé owó rẹ̀ wálẹ̀, ẹ rọra. Bẹ́líìtì ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń lò níbi tí 2GR ti ń lo ṣéènì, ó sì ní ìgbà tí èèyàn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn tún wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló gbé wọn dúró dípò sípíríǹgì. Dígí ẹ̀gbẹ́ Lexus tí a fi ń wo ẹ̀yìn náà, àwọn olè fẹ́ràn rẹ̀.

Epo lẹ béèrè. Bó bá jẹ́ 3.5 ni méjèèjì, kò sí ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ yan ọ̀kan. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, gbogbo wa ń ka lítà. Highlander 2.7 oní-sílíńdà mẹ́rin wà, ẹṣin 187, ó ń mu epo díẹ̀, àmọ́ bí ọkọ̀ bá kún tí éésì sì ń ṣiṣẹ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó gun òkè.

Ẹ̀gbọ́n, mo tún ìbéèrè yín kà báyìí ni mo rí i. Ẹ̀yin, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, màmá: ẹni mẹ́fà. Àga márùn-ún ni RX 2010 ní. Highlander ni kí ẹ rà. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí àga kẹta, torí àwọn kan jáde láìní i. Àwọn ọmọ ni kó jókòó síbẹ̀, orúnkún màmá ò ní gbà á. Títà rẹ̀ náà ò ní nira. Èmi sọ òótọ́ fún ẹni tó ra Lexus mi, ìdajì owó tí mo fi rà á ló san.

Nọ́ńbà ṣásì wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹyọ mẹ́tàdínlógún. Ẹ ka ìkẹwàá: A ni 2010, 9 ni 2009. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan, àbúrò ìyàwó mi á bá yín wò ó lálẹ́ yìí.