Èsì: Olè ti gba WhatsApp tí mo fi ń tajà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ẹnì kan ti gba WhatsApp tí ẹ fi ń ta aṣọ, ó sì ń ní kí àwọn oníbàárà sanwó sí àkáǹtì mìíràn. Ẹ tún fi nọ́ńbà yín wọlé lórí fóònù yín báyìí. Kóòdù oní-nọ́ńbà 6 tó bá wọlé lórí SMS, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Olè náà á já bọ́ lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n ti gba WhatsApp tèmi náà rí. Olè náà kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ jọ̀ọ́, kóòdù mi ṣèèṣì wá sórí fóònù yín, ẹ bá mi fi ránṣẹ́." Orúkọ àti fọ́tò ẹni tí mo mọ̀ dáadáa ni mo rí, mo bá fi ránṣẹ́. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, oníbàárà mi kan ti san owó ìgàn áńkárá mẹ́ta fún olè. Ó dùn mí wọra.

Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ tan Two-step verification (nọ́ńbà àṣírí kejì tí WhatsApp á máa béèrè), kí ẹ sì yọ ẹ̀rọ tí ẹ kò mọ̀ kúrò ní Linked devices (àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ WhatsApp yín). Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn oníbàárà, kí wọ́n gbọ́ ohùn yín gan-an. Ẹni tó bá ti sanwó, kó pe báǹkì rẹ̀ lónìí, kó má dọ̀la.