Ṣé òkun náà máa ń gbóná, kó tún tutù, láàárín ọjọ́ kan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ sí Tarkwa Bay ní Sátidé kan lóṣù Kẹta. Nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀, bákan náà ni omi rí lókè nílẹ̀. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, èjìká mi wà nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹsẹ̀ mi sì wà nínú omi tútù. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé òkun tóbi ju ohun tí oòrùn ọjọ́ kan lè mú gbóná lọ. Ta ló jàre? Ọmọ Èbúté Mẹ́ta ni mí.

ÌDÁHÙN: Ìwọ lo jàre, ọmọ mi, àmọ́ má tíì fi ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ojú omi ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ooru oòrùn. Omi tó bá sì gbóná máa ń fúyẹ́ ju omi tútù lọ, òun ló fi ń léfòó bí epo orí ọbẹ̀. Aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán ló sábà máa ń gbóná jù, kì í ṣe ìgbà tí oòrùn wà lágbede méjì orí. Lálẹ́, omi òkè á tutù, á wúwo, á sì rì, títí di ìdájí.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì ní Yábàá, mo máa ń gbé bàsíà omi sínú oòrùn láti àárọ̀. (Ọ̀gá àgbà wa kórìíra bàsíà yẹn, ó ní mo sọ ilé-ìwé di ilé alágbàfọ̀.) Tó bá dọ̀sán, màá ní kí ọmọ kan rọra ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Tíṣà, òkè ló gbóná o!" Màá wá fi igi rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìyàtọ̀ á parẹ́. Ohun tí igi yẹn ṣe fún bàsíà ni afẹ́fẹ́ àti ìgbì ń ṣe fún òkun.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti ní ẹjọ́ tiẹ̀. Lójú agbami tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, ìyàtọ̀ àárọ̀ sí ọ̀sán kì í sábà ju ààbọ̀ dígírì lọ. Àmọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ rọ́rọ́, ojú omi lè fi dígírì méjì tàbí mẹ́ta gòkè. Tarkwa Bay ní ògiri òkúta tó ń dá ìgbì dúró, ibẹ̀ ò sì jìn. Ká ní Elégúṣì lẹ lọ ni, ìgbì ibẹ̀ ì bá ti ro omi náà pọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé: awọ òkun, tí kò nípọn tó mìlímítà kan, sábà máa ń tutù díẹ̀ ju omi abẹ́ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni omi ti ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, tó ń gbé ooru lọ, bí òtútù ṣe máa ń mú ọ tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Awọ yìí ni ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì ń rí láti òkè. Irinṣẹ́ tó léfòó lójú agbami ń wọn omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Iye tí wọ́n ń mú wá lè má dọ́gba, síbẹ̀ kò sí èyí tó parọ́.

Tẹ́ ẹ bá tún ń lọ, so tẹmómítà mọ́ okùn. Wọn ojú omi àti ibi tó dé orúnkún rẹ, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kó o kọ ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi. Mú ẹ̀gbọ́n rẹ dání, òun ni kó di okùn mú.