Kí ló dé tí Apu fi fẹ́ ọmọbìnrin tí kò mọ̀ rí lóru ọjọ́ kan?

Ẹnìkan béèrè nípa Apur Sansar, fíìmù Satyajit Ray tó jáde ní Íńdíà ní 1959. Apu tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Pulu lọ sí ìnáwó ìgbéyàwó ní abúlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló di ọkọ. Ṣé àánú ni, àbí orí rẹ̀ ló dàrú?

Orí rẹ̀ pé. Àṣà àwọn Híńdù Bengal, agbègbè kan ní Íńdíà, ló ká gbogbo wọn mọ́. Lọ́dọ̀ wọn, ìgbéyàwó ní wákàtí tirẹ̀, tí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ máa ń yàn. Lagna ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ti fi ata ilẹ̀ pupa pa ọmọbìnrin lára, tí wọ́n ti wọṣọ ìyàwó fún un, tí wákàtí yẹn wá kọjá láìrí ọkọ, olórí burúkú ló dà lójú ará ìlú. Ta ni yóò tún wá tọrọ rẹ̀? Ẹ wá wo bí ìdààmú ṣe bá ilé náà nígbà tí wọ́n rí i pé wèrè ni ọkọ tí wọ́n gbé dé! Ìyá Aparna, ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fà fọ́kọ, yarí kanlẹ̀ pé òun kò fọmọ òun fún wèrè. Wọ́n sáré lọ bá Apu létí odò, níbi tó sùn sí. Ó kọ́kọ́ fìbínú kọ̀: ṣé ayé àtijọ́ ni wọ́n ṣì wà ni? Nígbà tó yí ọkàn padà, ohun tó bi Pulu ni pé iṣẹ́ akọ̀wé tó sọ lọ́jọ́sí ńkọ́, ṣé ó ṣì lè bá òun rí i? Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú fíìmù náà lọ. Ó ti ń ro ohun tí ìyàwó yóò jẹ.

Ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nínú yàrá kótópó kan ní Calcutta, nítòsí ojú irin. Aparna fẹ́ dìde láàárọ̀, etí sari, aṣọ gígùn tí obìnrin Íńdíà máa ń ró, kò jẹ́ kó lọ: Apu ti so ó mọ́ aṣọ tirẹ̀. Ó tú u, ó gbá ọkọ rẹ̀ pẹ́ẹ́, ó bá iṣẹ́ ilé lọ. Apu ṣí páálí sìgá, ìwé pélébé kan tí Aparna kọ ló bá nínú rẹ̀: ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ ni ìwọ ṣèlérí.

Ó dùn, àbí? Ẹ jẹ́ ká wá wo ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 14 ni Sharmila Tagore, tó ṣe Aparna, nígbà tí fíìmù náà jáde. Ní Bengal gan-an, láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbéyàwó tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1883 ni Rabindranath Tagore, akéwì ńlá yẹn, fẹ́ ọmọ bí ọdún 10. Lẹ́yìn ikú Phulmoni, ọmọdébìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ bá sùn títí ó fi kú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà náà ṣòfin ní 1891 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọmọ tí kò pé ọdún 12 sùn, ì báà jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Òfin 1929 ló wá ní kí ọmọbìnrin pé 14 kó tó lọ́kọ. Ṣùgbọ́n kò tú ìgbéyàwó kankan ká. Owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì, ló ní. Ẹni tó rówó san kò bẹ̀rù.

Àwọn fíìmù míì fi eré bo ọ̀rọ̀ yìí lójú. Balika Badhu ti 1967 dùn ún wò, àmọ́ ó rọ̀ mí lójú jù. Ray gan-an kò fi bò. Nínú Samapti ti 1961, ìyàwó ọ̀ṣìngín gba orí igi sá jáde lóru ìgbéyàwó, ó lọ sùn létí odò. Devi ti 1960 ló le jù: bàbá ọkọ lálàá pé òrìṣà Kali ni ìyàwó ọmọ òun, gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdébìnrin tí kò lẹ́nu láti kọ̀. Òun ni kí ẹ wò tẹ̀lé Apur Sansar. Sharmila Tagore kan náà ló ṣe ìyàwó inú rẹ̀.