Páálí ìṣirò ò lè kọ́ ọmọ yín ní ìṣirò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ilé ni mo ti ń kọ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, l'Ádó-Èkìtì níbí. Ẹnìkan ń ta páálí ìṣirò òkè òkun, bíìdì, blọ́ọ̀kù, ìwé, gbogbo ẹ̀ pé. Ó ní ọmọ á kàn máa fi ṣeré, ìṣirò á wọlé fúnra ẹ̀. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú àbójútó ọmọ, ma. Ìbéèrè yìí ti ń sú mi, àwọn tó ń tajà yẹn ló fà á, kì í ṣe ẹ̀yin. Ìṣirò kì í wọlé fúnra ẹ̀ o! Ọmọ lè fi blọ́ọ̀kù ṣeré títí ọdún á fi yípo, kó má mọ̀ ju kó fi kọ́lé lọ.

Ibi tí nǹkan ọwọ́ ẹ̀ ti pàdé nọ́ńbà inú ìwé ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ mú 43, ẹ ní kó yọ 17. Ẹ já igi ìgbálẹ̀, ẹ fi rọ́bà di mẹ́wàá mẹ́wàá, ìdì mẹ́rin, ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀. Ó fẹ́ mú méje, mẹ́ta ló rí. Ẹ dákẹ́, ẹ má sọ fún un. Á tú ìdì kan, ó di mẹ́tàlá, ó mú méje, ó ku mẹ́fà, ó wá gbé ìdì kan nínú mẹ́ta tó kù, 26 nìyẹn. Bó ṣe ń tú rọ́bà yẹn gan-an ni kó fagi lé 4 inú ìwé kó kọ 3 sórí ẹ̀, lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe lọ́la. Tó bá yá, kó máa ya àwòrán ìdì yẹn dípò igi, lẹ́yìn náà nọ́ńbà nìkan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Singapore nìyẹn, ọ̀dọ̀ Jerome Bruner, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ nípa bí ọmọ ṣe ń ronú, ni wọ́n ti mú èrò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fo àwòrán àárín yẹn, nídìí igi ọmọ á gbọ́n, tẹ́ ẹ bá gbé bírò fún un á máa wò yín ràn-ìn.

Torí náà ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí ojú ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ irú ìyọkúrò yìí. Tí kò bá rí i ṣí, ìgbálẹ̀ wà l'Ọ́jà Ọba. Ẹ wo owó àti ìwọ̀n inú ẹ̀ náà, tó bá jẹ́ dọ́là àti íǹṣì, ẹ rántí pé náírà àti sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n máa bi í ní kọ́mọ́n ẹ́ńtíráǹsì.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe lọ́yà o, àmọ́ òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ kàwé láti praímárì dé JSS 3, ẹ lọ bi wọ́n ní SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ yẹn, bí ọ̀rọ̀ kíkọ́mọ nílé ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ tó náwó kankan.