Iná lọ, upgrade dúró sí ìdajì: kí ni ṣíṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Ábẹ́òkúta níbí. Mò ń gbé Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, láti 22.04 lọ sí 24.04 lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ni iná bá lọ. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba package (ètò tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà) kankan mọ́. "Dpkg was interrupted" ló ń kọ ṣáá. Ẹnìkan ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ oníbàárà sì wà nínú rẹ̀!

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ oníbàárà sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ wá ṣí terminal, ojú fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ.

Ìgbà méjì ni dpkg, ètò tó ń fi package sórí Ubuntu, ń ṣiṣẹ́ lórí package kọ̀ọ̀kan: á tú u sílẹ̀, lẹ́yìn náà á ṣètò rẹ̀. Iná lọ láàárín méjèèjì. Ẹ wò ó fúnra yín:

dpkg -l | grep -E '^i[UF]'

Èyí tí iU wà níwájú rẹ̀ ti tú, a ò tíì ṣètò rẹ̀. Ti iF, ètò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò parí. Àṣẹ tó ń parí ẹ̀ rèé:

sudo dpkg --configure -a

Bí apt (ètò tó ń dáńlóòdù package, tó sì ń pe dpkg) bá fèsì pé "Could not get lock", ẹ ka ìlà náà dópin. Á sọ ẹni tó di ilẹ̀kùn mú, bí àpẹẹrẹ "held by process 1873 (unattended-upgr)". Ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ pa fáìlì lock rẹ́. Ìmọ̀ràn burúkú ni, torí dpkg méjì á máa kọ nǹkan sínú /var/lib/dpkg/status lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń bàjẹ́ gan-an.

Tó bá jẹ́ "No space left on device" ló kọ, ẹ tẹ df -h /boot. Kernel (ọkàn Ubuntu) àtijọ́ ló sábà máa ń kún ibẹ̀. Àṣẹ apt autoremove, tó ń kó wọn dànù, lè kọ̀ jálẹ̀ nígbà yìí, torí dpkg kò tíì parí. Ẹ tẹ uname -r kẹ́ ẹ mọ kernel tẹ́ ẹ ń lò, kẹ́ ẹ wá gbé initrd (fáìlì tí kernel fi ń gbéra) ti àtijọ́ kan, tí kì í ṣe òun, kúrò níbẹ̀:

sudo mv /boot/initrd.img-5.15.0-91-generic /root/

(Nọ́ńbà tiyín lè yàtọ̀.) Ẹ tún dpkg --configure -a ṣe. Tó bá ti gbà, sudo apt autoremove --purge á kó ìyókù dànù.

Ó wá ku sudo apt --fix-broken install. Kẹ́ ẹ tó tẹ Y, ẹ ka àwọn tó ní òun fẹ́ REMOVE. Bí ubuntu-desktop (package tó ń kó ojú kọ̀ǹpútà jọ) bá wà níbẹ̀, N ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ pé package kan tó wá láti PPA (ibi ìkó package tí kì í ṣe ti Ubuntu fúnra rẹ̀) ló ń jà. Ẹ tẹ apt policy pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, á fi ibi tó ti wá hàn. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Bó bá kọ "held broken packages", apt-mark showhold (tó ń ka àwọn package tí a dì mú) lè máà rí ẹnikẹ́ni. PPA náà ni kẹ́ ẹ fura sí.

Àṣẹ lsb_release -a lè ti máa kọ 24.04. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ: base-files, package tó ń gbé nọ́ńbà Ubuntu, ló ti kọjá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ṣì wà lẹ́yìn. Ẹ má tún do-release-upgrade (àṣẹ tó ń gbé Ubuntu sí nọ́ńbà tuntun) pè. Ẹ tẹ sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt full-upgrade, ìyẹn ló ń kó wọn wọlé. Bí àṣìṣe bá ṣì wà, ẹ ṣí /var/log/dist-upgrade/apt-term.log, kẹ́ ẹ wá àṣìṣe àkọ́kọ́. Ti ìsàlẹ̀ kàn ń ka orúkọ àwọn tó bá a ṣubú ni.

ÌBÉÈRÈ: Dátà mi tán nígbà tó ku díẹ̀ kí upgrade mi dáńlóòdù tán, ní Láfẹ́ńwá. Ṣé màá tún gbogbo rẹ̀ rà ni?

ÌDÁHÙN: Rárá. Àwọn tó ti wọlé wà ní /var/cache/apt/archives, èyí tó dúró sí ìdajì wà nínú fódà partial níbẹ̀, apt á sì máa bá a lọ láti ibi tó dé. Àfi tẹ́ ẹ bá tẹ sudo apt clean ni ẹ máa tún un rà.