Kọ́bọ́ọ̀dù Gáréèjì Tí Ìkán Kò Ní í Rí Jẹ

Ìbéèrè (Kàbà): Okun o, ẹ kú iṣẹ́. Kò pé ọdún méjì tí ìkán fi jẹ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù irinṣẹ́ wa tán. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kan òmíràn. Plywood mélòó ni kí n rà? Ṣé kí n kàn án mọ́ ògiri?

Ìdáhùn: Okun o. Rárá, ẹ má kàn án mọ́ ògiri, ẹ má sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀. Inú ilẹ̀ ni ìkán ti ń bọ̀. Amọ̀ ló fi ń bo ojú ọ̀nà rẹ̀ bó ṣe ń gun ògiri, torí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò ti máa jẹ ẹ́ tí ẹ kò ní í mọ̀. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ páìpù irin tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà amọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bí inú rẹ̀ bá tutù, tí kòkòrò funfun ń sá kiri, wọ́n ṣì ń bá iṣẹ́ lọ nìyẹn.

Plywood mílímítà 18 méjì ti tó, pẹ̀lú ti mílímítà 6 kan fún ẹ̀yìn. Ẹ wo etí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tí ihò bá wà láàárín ìpele rẹ̀ kì í di súkúrúù mú. Ẹ la ọ̀kan ní gígùn sọ́nà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 165 lára méjì fún ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì rí sẹ̀ǹtímítà 76.4 gé lára àjẹkù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta yóò fún yín ní 76.4 mẹ́ta. Ó di márùn-ún: orí, ìdí, àti pẹpẹ mẹ́ta. Ara plywood kejì ni ilẹ̀kùn méjèèjì ti máa jáde, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 39.7.

Ẹ kun oògùn ìkán lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kàn án pọ̀, pàápàá ibi tí ayùn gbà, torí ibẹ̀ ló ń mu oògùn jù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú tí àwọn kan ń kùn kò dára: ọ̀dà kì í mú lórí rẹ̀. Ẹ ta gọ́ọ̀mù funfun sí ojú ìpàdé, kí ẹ fi súkúrúù íǹṣì 2 mẹ́ta dè é ní ìpẹ̀kun méjèèjì pákó márààrún náà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30. Ẹ kọ́kọ́ fi dírílì mílímítà 3 lu ihò, kí plywood má baà là.

Kó má baà ṣubú lu ọmọ, ẹ fi irin onígun dè é lókè mọ́ òpó kọnkéré tàbí líńtẹ̀lì, kí àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà. Búlọ́ọ̀kù oníhò kò ní ohun tí súkúrúù máa dì mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù sínú rẹ̀.

Ìbéèrè (Ìsánlú): Pẹpẹ mi ti tẹ̀ láàárín. Ṣé igi burúkú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ó gùn jù fún ẹrù rẹ̀ ni. Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà lítà 4 kan ṣoṣo lè ju kílò 5 lọ. Ẹ yí pẹpẹ náà dojú dé, kí ẹ kan igi ìrókò tàbí àpá tó nípọn ní íǹṣì 1, tó sì fẹ̀ ní íǹṣì 2, mọ́ abẹ́ etí iwájú. Kí igi náà dúró ni o, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Inú igi ni kí ẹ mú. Apá funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìkán ń kọ́kọ́ jẹ.

Ìbéèrè (Mopa): Bí òjò bá ti dé, ilẹ̀kùn kì í pa dé mọ́.

Ìdáhùn: Ìgbà ọyẹ́ lẹ kàn án, àbí? Igi súnkì nígbà náà, òjò wá mú un wú. Ẹ fi ìfági fá etí rẹ̀ títí àlàfo mílímítà 3 yóò fi wà, kí ẹ dúró dìgbà tó bá gbẹ, kí ẹ wá kun ọ̀dà yí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ẹ má gbàgbé etí ìsàlẹ̀.